Ohun Tó Ń Ti Bébà Wúfà Síwá Sẹ́yìn Bí Rẹ́kọ́ọ̀dù Bá Ń Yí

Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé rẹ́kọ́ọ̀dù, kí ẹ sì wo wúfà yín, sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì jáde, kí orin tó wọlé. Bí bébà rẹ̀ bá ń jáde, tó ń wọlé bí àyà ẹni tó ń mí hẹlẹ, tí etí yín ò sì gbọ́ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ohun tó ń ti bébà yẹn kì í ṣe orin. Ohùn tó bá rẹlẹ̀ ju 20 Hz lọ (ìgbọ̀n ogún ní ìṣẹ́jú àáyá kan), etí èèyàn kì í sábà gbọ́ ọ. Èyí tó ń da wúfà láàmú sì máa ń wà láàárín ìdajì Hz sí nǹkan bíi 10 Hz. Ẹ ò gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ámpílífáyà ń ná agbára lé e lórí. Kọ́ìlì, wáyà wíwé tó ń ti bébà, ń kúrò láàárín mágínẹ́ẹ̀tì, béèsì gidi á máa dún rúdurùdu, ohùn olórin á sì máa gbọ̀n. Bí ẹ bá tún wá yí ohùn sókè, kọ́ìlì lè lọ gbá irin ẹ̀yìn. Wúfà tó bá gba irú ẹ̀gbá bẹ́ẹ̀ léraléra máa bàjẹ́.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń wọlé.

Ẹ gbé abẹ́rẹ́ sókè, kí ẹ fi ohùn sílẹ̀ síbi tó wà. Bí bébà bá ṣì ń rìn, inú ámpílífáyà tàbí phono preamp (ẹ̀rọ tó ń gbé ìró kékeré abẹ́rẹ́ sókè kó tó dé ámpílífáyà) ni wàhálà wà, ó di tọwọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí ó bá dúró, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹ yí ohùn wálẹ̀ pátápátá, ẹ pa mọ́tò, ẹ jẹ́ kí rẹ́kọ́ọ̀dù dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ wá rọra sọ abẹ́rẹ́ lé e. Ẹ máa gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ìka kan tábìlì. Bí wúfà bá ta kìjí tí kò sì tètè dúró, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹ yára yí ohùn wálẹ̀: ìró sípíkà ló ń gba ara tábìlì padà sínú abẹ́rẹ́. Ní yàrá àlejò púpọ̀ nílé wa, kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ló gbé sípíkà àti turntable, ẹ̀rọ tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya wọ́n. Pẹpẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù dára jù, pàápàá nínú ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó.

Bí kò bá sí ìhó, ẹ jẹ́ kí rẹ́kọ́ọ̀dù yí, kí ẹ wo wúfà méjèèjì papọ̀. Bí tọ̀tún bá ń jáde nígbà tí tòsì ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń fò sókè sódò nìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnì Mono. Ìrìn náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, nítorí pé ọ̀tún àti òsì ń pa ara wọn. Bí méjèèjì bá jọ ń jáde, tí Mono kò sì pa á, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni abẹ́rẹ́ ń lọ. Ó ṣeé ṣe kí ihò àárín rẹ́kọ́ọ̀dù má ṣe rẹ́gí. Rẹ́kọ́ọ̀dù 33 máa ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 1.8. Bí bébà bá ń fà lẹ́ẹ̀kan ní ìwọ̀n àkókò yẹn, ara àwo náà ló ti ń wá.

Ooru ló máa ń ká àwo. Rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú àti àpàlà tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ páànù gbígbóná, ṣàṣà ni èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ nínú wọn. Ẹ má sá a sóòrùn láàárín gíláàsì kí ó lè nà. Ooru tó lè nà án lè ba ojú ìlà orin jẹ́.

Ṣùgbọ́n àwo tó ká díẹ̀ kò yẹ kó da wúfà rú bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù yín bá ń ṣe é, apá turntable àti cartridge, orí kékeré tó di abẹ́rẹ́ mú, ni kò bára mu. Orí rọ́bà kékeré inú cartridge ni gbogbo ìwúwo apá náà ń jókòó lé, àwọn méjèèjì sì ní ìwọ̀n tí wọ́n máa ń gbọ̀n sí fúnra wọn. Láàárín 8 sí 12 Hz la fẹ́ kó wà. Bí ó bá wà ní 5 tàbí 6, gbogbo kíká àwo á máa jí i.

Ẹ ṣírò ó. Ẹ ro effective mass apá (ìwúwo tí abẹ́rẹ́ ń bá pàdé bí apá bá ń rìn), ìwúwo cartridge àti ti ìdè rẹ̀, ìyẹn àwọn skúrù tó dè é mọ́ apá, pọ̀ ní gíráàmù. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú compliance cartridge, nọ́ńbà tó ń sọ bí rọ́bà inú rẹ̀ ṣe rọ̀ tó, ẹ tẹ √ lórí kalikulétọ̀, kí ẹ fi èsì rẹ̀ pín 159. Apá 12, cartridge 6, ìdè 1: ó di 19. Bí compliance bá jẹ́ 30, 19 lọ́nà 30 jẹ́ 570, √ rẹ̀ sún mọ́ 24, èsì jẹ́ nǹkan bíi 6.6 Hz. Kò dára. Cartridge tí compliance rẹ̀ jẹ́ 12, tí ìwúwo rẹ̀ kò yàtọ̀, á fún yín ní 10.5. Ẹ ṣọ́ra o: àwọn ilé iṣẹ́ Japan púpọ̀ máa ń wọn compliance ní 100 Hz, ẹ fi 1.5 sí 2 sọ nọ́ńbà yẹn di púpọ̀ kí ẹ tó ṣírò.

Ẹ fi ìwọ̀n kékeré yẹ ìtẹ̀ abẹ́rẹ́ náà wò. Bí ìwé cartridge bá ní 1.8 sí 2.2 gíráàmù, ẹ fi sí 2.

Phono preamp fúnra rẹ̀ tún ń dá kún un. Ìlànà RIAA, tí wọ́n fi ń tún ohùn rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe, ń gbé 20 Hz sókè ní nǹkan bíi 19 dB (dB ni ìwọ̀n bí ìró ṣe le tó) ju 1 kHz (1000 Hz) lọ, ohun tó kéré nínú àwo á wá jáde ní ńlá. Ẹ pa bọ́tìnì Loudness, tó ń fi kún béèsì. Bí àpótí sípíkà yín bá ní ihò afẹ́fẹ́, ẹ ki ìbọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀: nísàlẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ihò náà fún, afẹ́fẹ́ inú àpótí kì í di bébà mú mọ́. Bí ìrìn bá dín kù, ẹ má pààrọ̀ sípíkà, fílítà subsonic, tó ń gé ohùn tó rẹlẹ̀ ju èyí tí etí ń gbọ́ lọ, lẹ nílò. Kó jẹ́ 18 tàbí 20 Hz, kó sì gé ní 18 dB fún octave kan (ìyẹn nígbàkigbà tí Hz bá dín sí ìdajì), nítorí 6 dB kò ràn án. Ó máa ń wà láàárín phono preamp àti ámpílífáyà. Bí phono yín bá wà nínú ámpílífáyà, tí kò sì sí ihò Tape Out àti Tape In, kò ní ríbi wọlé. Ẹ ra phono preamp tó ní fílítà nínú, kí ẹ ki wáyà rẹ̀ sí Aux.