Ẹ Jẹ́ Ká Rí I Ká Tó Dáná Sí I

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, bí mo ṣe tún un kọ)

Ẹ kú ìjókòó o. Lágboolé tí mo gbé dàgbà, baba alágbẹ̀dẹ kan wà tí kì í rọ ọkọ́ nínú oòrùn. Abẹ́ àtíbàbà tó ṣókùnkùn ló máa ń wà. Mo rò pé oòrùn ló ń sá fún, àṣé àwọ̀ irin ló ń wò. Bó bá pọ́n tó, á gbé òòlù. Bí kò bá tíì pọ́n, ọmọ á tún fẹ́ ẹwìrì. Ẹ fi baba yẹn sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ irin náà ni mo bá wá. Ẹ̀rún irin tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ń pò mọ́ omi, tí wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún sínú kókó jẹjẹrẹ. Aláìsàn á wọ inú ẹ̀rọ òòfà tí agbára òòfà rẹ̀ ń yí síwájú sẹ́yìn ní bíi ìgbà 100,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irin á gbóná. Bí kókó náà bá dé nǹkan bíi dígírì 43, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á máa kú, ìtọ́jú onítànṣán á sì túbọ̀ ṣiṣẹ́ lára wọn. Láti 1957 ni dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Gilchrist, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé èrò yìí jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 2010, Yúróòpù fọwọ́ sí ti iléeṣẹ́ kan ní Berlin, fún jẹjẹrẹ ọpọlọ.

Àwọn kan wà tó jẹ́ iná nìkan ni wọ́n mọ̀: "Ẹ sáà fi kún agbára òòfà!" Mo máa ń bi wọ́n pé, níbo ni irin wà? Abẹ́rẹ́ lè kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kókó, kí ẹ̀gbẹ́ kejì má rí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ gbà fà á sí i, ẹ̀dọ̀ ló máa kó èyí tó pọ̀ jù. Ẹ wá tan òòfà, ẹ̀dọ̀ lẹ sè yẹn! (Ẹ̀rín.) Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Berlin, nígbà tí wọ́n ń ṣe é, fi máa ń ya CT, ìyẹn fọ́tò inú ara, lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí wọ́n lè ṣírò ibi tí ooru máa dé kí wọ́n tó tan ohunkóhun.

Gleich àti Weizenecker ti iléeṣẹ́ Philips ní Hamburg tún gbé MPI, ọ̀nà ìyàwòrán tó ń fi òòfà wá ẹ̀rún irin nínú ara, jáde ní 2005: kò rí egungun, kò rí ẹran, irin nìkan ló ń rí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè há ooru mọ́ ojú kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n alága ti ń wo aago.

Nọ́ọ̀sì kan dìde lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé irin yẹn máa ń jáde?"

Ó máa ń pẹ́ níbẹ̀, mo ní.

"Ṣé MRI, ẹ̀rọ òòfà tó ń ya fọ́tò inú ara, ṣì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

Mo dákẹ́ díẹ̀. Dúdú ni ibi tí irin wà máa ń yọ lórí MRI, kò sì ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá kókó ń padà bọ̀. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi pariwo ká rí i ká tó dáná. Ẹni yìí ń bi mí bóyá a ó ṣì ríran lẹ́yìn iná. Mo dárúkọ PET, ẹ̀rọ ayàwòrán míì tó ń wo bí kókó ṣe ń jẹ ṣúgà, tí irin kò sì dí i lójú. Ó ní, "PET tó wà níbo, sà?" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Kò tíì jókòó. "Bí aláìsàn náà bá kúrò lọ́dọ̀ yín, tó gba ilé ìwòsàn míì lọ, ta ló máa kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀ pé irin wà lórí rẹ̀?"