Ìpanu oníyọ̀ fún àríyá àwọn ọmọdé: pásítẹ̀lì ẹja kéékèèké, ṣinṣín àti wàgáṣì díndín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin àǹtí tí ẹ ń ṣètò àríyá ọmọ nílé. Kéèkì, mindin-mindin àti bisikíìtì ò ṣòro rí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ohun oníyọ̀ ló máa ń ṣọ̀wọ́n níbi àríyá ọmọdé: èyí tí ọmọ lè fi ọwọ́ kan mú, tó lè bù jẹ lẹ́ẹ̀mejì kó tán, tí kò ní ta, tí òróró rẹ̀ ò sì ní kán sí i láṣọ. Mẹ́ta irú ẹ̀ la máa ṣe lónìí: pásítẹ̀lì, ìyẹn fúláwà tí a ṣẹ́ po mọ́ ẹja; ṣinṣín, ìyẹn fúláwà tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ dín; àti wàgáṣì, ìyẹn wàrà àwọn Fúlàní. Inú òróró kan náà la ó sì ti dín in. Ìwọ̀n tí mo máa dá yìí tó ọmọ 15. Pásítẹ̀lì tó wà níbẹ̀ máa tó nǹkan bí 45 sí 50.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan fúláwà. Ẹja tó máa wọ inú rẹ̀ la ó kọ́kọ́ sè, torí ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kó tó wọlé. Ẹ mú agolo sàdíìnì 3, oní-gíráàmù 125. Ẹ gbé ẹja náà sórí asẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí òróró rẹ̀ ro dànù, ṣùgbọ́n ẹ bu ṣíbí ìjẹun kan nínú òróró yẹn pamọ́. Ẹ se ọ̀dùnkún òyìnbó gíráàmù 150 tòun tèèpo. Bí ẹ bá bó o kí ẹ tó sè é, yóò fa omi mu, omi yẹn náà ni yóò sì wá bẹ́ pásítẹ̀lì yín nínú òróró. Tó bá jinná, ẹ bó o, ẹ fi àmúga tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní sí kókó nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ gbé ìkòkò kaná, iná kékeré. Ẹ da òróró sàdíìnì tí ẹ bù pamọ́ sí i, ẹ da àlùbọ́sà kan tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú ẹyọ áyù 2 tí ẹ gún. Tí àlùbọ́sà bá ti rọ̀, ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan tòmátì alágolo sí i, ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 5 kí kíkan rẹ̀ lè lọ. Ẹ wá da sàdíìnì sí i, ẹ fọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú 3 tàbí 4. Ẹ wò ó níbí: mo fi ṣíbí la àárín ẹja yìí dé ìdí ìkòkò, ojú ọ̀nà tí mo là ò kún, omi kankan ò sì sun wá síbẹ̀. Ó ti gbẹ nìyẹn. Bí omi bá sun wá, ẹ jẹ́ kó dúró lórí iná sí i. Ẹ po ọ̀dùnkún mọ́ ọn, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó ronú kan iyọ̀. Sàdíìnì ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdajì màgí kan ti tó, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ nílò rẹ̀ rárá. Ata ńkọ́? Ẹ má fi sí i o. Ẹ lọ ata sínú abọ́ lọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ata bá ta lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ò ní fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́ lórí tábìlì yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹja yìnyín dípò sàdíìnì, kó ra bíi gíráàmù 500, kó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15. Egungun sàdíìnì alágolo ti rọ̀, ìka lásán máa lọ̀ ọ́. Ti ẹja yìnyín ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣa egungun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹlòmíràn nínú ilé sì tún fọwọ́ wá a. Mi ò ní dẹwọ́ lórí èyí, torí ọmọdé kì í tu egungun, ṣe ni wọ́n máa ń gbé e mì.

Ó kan fúláwà. Gíráàmù 500 ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní òṣùwọ̀n, ó tó ife 4 oní-mìlílítà 250, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, ẹ má kì í mọ́lẹ̀. Ẹ fi ṣíbí kékeré kan iyọ̀ sí i. Ẹ gé bọ́tà gíráàmù 80 sí i, ẹ fi orí ìka ra á pọ̀ títí yóò fi rí bíi gàrí tó rin díẹ̀. Bọ́tà yẹn ni kì í jẹ́ kí èèpo rẹ̀ le nígbà tó bá tutù. Ẹ po ẹyin kan mọ́ omi tútù mìlílítà 180, ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dá díẹ̀ dúró nínú rẹ̀, torí fúláwà ò mu omi bákan náà. Tó bá ti dìpọ̀, tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 3 péré. Ẹni tó bá ń pò ó bíi ti búrẹ́dì, yóò fà, ọmọ á máa fi eyín ja á. Ẹ má fi yíìsì sí i pẹ̀lú. Yíìsì á jẹ́ kó wú, á máa fa òróró mu, etí tí ẹ lẹ̀ á sì ṣí.

Ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lásìkò ooru, inú fìríìjì ni kó ti sinmi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́tà á yọ́ síta.

Fún títẹ́ rẹ̀, ìgò tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ ti ya bébà ara rẹ̀ kúrò, ti tó. Ẹ bu omi tútù kún inú rẹ̀, ẹ dé e pa, á wúwo dáadáa, kò sì ní máa lẹ̀. Ẹ gé fúláwà sí mẹ́rin, ẹ máa mú ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ìyókù wà lábẹ́ ọ̀rá. Ẹ tẹ́ ẹ kó fẹ́lẹ́ tó mìlímítà 2 sí 3. Bí ẹ bá ń tẹ́ ẹ tó ń sún padà, ẹ má bá a jà, ẹ má sì fi omi kún un. Ìsinmi rẹ̀ ni kò tó. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 sí i. Ẹ fi ẹnu ife tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 gé e ní róbótó. Àwọn etí tó bá ṣẹ́kù, ẹ kó wọn jọ sábẹ́ ọ̀rá, a máa lò ó.

Ẹ sún mọ́ kámẹ́rà dáadáa báyìí, ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù la dé. Ẹ bu ṣíbí kékeré kan ẹja sí àárín, kó má pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti ìka bọ omi, ẹ fi pa ìdajì etí róbótó náà. Ẹ ṣẹ́ ẹ po. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láti igun kan lọ sí ìkejì, kí ẹ máa ti afẹ́fẹ́ jáde síwájú ìka yín. Ẹ má tẹ igun méjèèjì kí ẹ tó tẹ àárín, torí afẹ́fẹ́ ti há sínú nìyẹn. Tó bá gbóná á fẹ̀, á sì bẹ́. Ẹ fi àmúga tẹ etí rẹ̀ yíká. Bí òróró ẹja bá kan etí ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀, kò ní mú, ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Àwọn èyí tí ẹ bá ti ṣe, ẹ tò wọ́n sórí àwo tí ẹ ti gbọn fúláwà sí, kí wọ́n má fara kanra.

Òróró lítà kan ààbọ̀, nínú ìkòkò tó jìn. Kó má kọjá ìdajì ìkòkò. Òróró ẹ̀pà dára, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kọ ẹ̀pà, tí èébì tàbí èémí tó ń há lè ti ìdí rẹ̀ wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí ṣáájú ọjọ́ àríyá. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, òróró òwú ni kí ẹ lò. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ẹyin, wàrà, ẹja àti àlìkámà wà nínú àwọn oúnjẹ yìí.

Ẹ ju ìṣù fúláwà kékeré sínú òróró. Tó bá dúró ní ìsàlẹ̀ tí kò hó, òróró ò tíì gbóná. Tó bá léfòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó sì pọ́n kíákíá, ó ti gbóná jù. Tó bá rì díẹ̀ tó wá rọra gòkè pẹ̀lú hóró-hóró yíká ara rẹ̀, ó tó àkókò. Ẹni tó ní ohun ìdíwọ̀n ooru, 175 ti Celsius ló ń wá. Pásítẹ̀lì 6 tàbí 7 lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 3 sí 4, ẹ máa yí i. Bí ẹ bá dà á kún ìkòkò, òróró á tutù lójijì, gbogbo rẹ̀ á sì mu òróró yó. Iná tó pọ̀ jù náà ń tàn wá jẹ: ẹ̀yìn á pọ́n, ẹ bù ú jẹ, fúláwà tútù lẹ máa bá nínú. Kí ọmọ kankan má sí nítòsí iná. Ẹ fi ìdérí ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ yín; bí òróró bá gbiná, ẹ pa gáàsì, ẹ dé e pa. Omi ò gbọ́dọ̀ kàn án.

Ká tó dín pásítẹ̀lì gan-an, àwọn etí fúláwà tó ṣẹ́kù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dín. Bí ẹ bá tún un pò tí ẹ tún un tẹ́, á le, kò ní dára fún pásítẹ̀lì mọ́. Ṣùgbọ́n líle yẹn gan-an ni ṣinṣín ń fẹ́. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, ẹ gbọn iyọ̀ àti ata ilẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ dín in títí yóò fi máa dún. Ó lè wà nínú ìgò tó dé pa fún ọjọ́ mélòó kan.

Wàgáṣì ló kẹ́yìn, nítorí omi ara rẹ̀ máa ń mú kí òróró hó. Ẹ máa rí i rà ní ọjà Ouando. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní ni. Pupa tàbí funfun, adùn kan náà ni, pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pa èyí tó pupa láró. Ẹ gé ẹyọ kan tó tó ìdajì kílò ní gígùn, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Ẹ má gé e ní róbótó fún àwọn ọmọ kéékèèké, ó lè há wọn lọ́fun. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, iyọ̀ á wọ inú rẹ̀, kòkòrò àrùn tó bá a ti ọjà wá á sì kú. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, ẹ dín in fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3. Kì í yọ́ nínú òróró. Gbígbóná díẹ̀ ló dùn. Tó bá tutù, á máa fà bíi rọ́bà, nítorí náà ẹ dín in nígbà tí àwọn ọmọ bá ti jókòó. Ẹ má fi igi ìtayín gún un fún wọn.

Ẹ̀pà odidi àti gúgúrú tí a máa ń dà sórí tábìlì, ẹ gbé e jìnnà sí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Ẹni tí fìríìsà rẹ̀ ń dì dáadáa lè ṣe pásítẹ̀lì lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ tò ó sórí àwo kó dì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó kó o sínú ọ̀rá. Ẹ má jẹ́ kó yọ́ kí ẹ tó dín in. Ẹ dín iná kù díẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú 2 kún un. Bí iná mànàmáná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, ẹja inú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ sè sílẹ̀, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì. Èyí tí ẹ bá sì ti dín, tó ti wà lórí tábìlì ju wákàtí méjì lọ nínú ooru, ẹ má tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la.