Àyẹ̀wò Ọwọ́ Ló Ń Tọ́ Àwòrán Sọ́nà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ìpalára Egungun Ọrùn

Ẹ kú ìjókòó. Tí wọ́n bá gbé ẹni tó fi ọrùn ṣèṣe dé, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ dókítà kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, “Àwòrán rẹ̀ dà?” Ìbéèrè náà dára, ó kàn yá jù ni.

Egungun méje ló wà lọ́rùn, àmọ́ iṣan ìmọ̀lára mẹ́jọ ló ń jáde níbẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. “C” ni a fi ń pe egungun ọrùn àti iṣan rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì ni ipò rẹ̀ láti òkè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣan C6 ló ń gba àárín egungun karùn-ún àti ìkẹfà kọjá. Bí ẹnì kan bá ti di orí aláìsàn mú kó má mì, ẹ ní kó ká ìgbọ̀nwọ́: iṣan C5 nìyẹn. Kó gbé ọrùn ọwọ́ sókè: C6. Kó na ìgbọ̀nwọ́: C7. Kó ká ìka: C8. Ẹ wá fi òwú kan àtàǹpàkò, ìka àárín àti ọmọńdinrín. C6, C7 àti C8 ló ni wọ́n. Ibi tí wọ́n máa ń fò nítorí ìtìjú ni ẹ̀bá ihò ìdí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti kú, tí aláìsàn ṣì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ń gún òun níbẹ̀, mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn kò tíì bàjẹ́ tán. Àwòrán kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Àyẹ̀wò yìí tún lè fi hàn pé àwòrán kò pọn dandan. NEXUS, ìwádìí ọdún 2000 lórí ẹni tó yẹ kó ya àwòrán ọrùn, tó kan èèyàn tó lé ní 34,000, ló fìdí èyí múlẹ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ dá, tí kò mutí, tí àárín ẹ̀yìn ọrùn kò dùn ún tí a bá tẹ̀ ẹ́, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí kò sì ní ọgbẹ́ míì tí ìrora rẹ̀ lè bo ti ọrùn mọ́lẹ̀. Ìlànà àwọn ará Kánádà, tó jáde ní 2001, ní kí ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 65 ya àwòrán dandan. Tiwọn ni mo fara mọ́ fún àgbàlagbà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí ọwọ́ àti àwòrán bá ń jiyàn. Bàbá arúgbó ṣubú, ó fi iwájú orí gbálẹ̀, ọrùn rẹ̀ ré sẹ́yìn. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò lè di ife mú. CT, ìyẹn àwòrán X-ray tí kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀, ní egungun kankan kò ṣẹ́, àfi ògbólógbòó egungun tó ti hu ṣóńṣó. Ẹ má dá a padà sílé o! Egungun ni CT mọ̀ jù. MRI, àwòrán tí wọ́n ń fi agbára òòfà yà, ló ń fi mùdùnmúdùn tó wú hàn. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: MRI lè fi díìsì, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín egungun, tó yọ láàárín egungun C5 àti C6 hàn, nígbà tó jẹ́ pé ìgbọ̀nwọ́ ni aláìsàn kò lè nà. Díìsì yẹn lè ti wà níbẹ̀ tipẹ́ láìdùn ún. Iṣan C7 ló ń na ìgbọ̀nwọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ díìsì yẹn, láàárín egungun C6 àti C7.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń kọ̀wé sí àwọn tó ń ya àwòrán, ẹ má kọ “ọrùn ń dùn ún” lásán. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Kò lè na ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, ìka àárín rẹ̀ kú tipiri, ẹ bá wa wo àárín C6 àti C7 dáadáa.”