Wọ́n ń sanwó fún un kó máa jókòó wo èrò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Tí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì látàárọ̀, bébà àti bírò lọ́wọ́ ẹ̀, tó ń ka gbogbo ẹni tó ń kọjá, kí lẹ máa rò? Ẹ máa ní orí ẹ̀ ti yí, àbí kẹ̀, tàbí pé ó ń ṣọ́ ilé tó fẹ́ lọ fọ́. Iṣẹ́ ni o. Iṣẹ́ yunifásítì gan-an ni, ẹni kan sì ṣe é títí ó fi di purofẹ́sọ̀.

Jan Gehl lorúkọ ẹ̀, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, wọ́n bí i ní 1936, ó parí ẹ̀kọ́ akitẹ́ẹ̀tì ní Copenhagen, olú ìlú wọn, ní 1960. Nígbà yẹn ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ni kí ilé ga, kó dùn-ún wò látòkè bí ìgbà téèyàn wà nínú bàálù, ta ló máa wá gba iwájú ilé yẹn kọjá, ibo ló máa jókòó sí tó bá rẹ̀ ẹ́, ìyẹn ò kan ẹnì kankan. Ó wá fẹ́ Ingrid, Ingrid kọ́ sàìkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ a sì máa bi wọ́n pé ẹ̀yin akitẹ́ẹ̀tì yìí, kí ló dé tọ́rọ̀ èèyàn ò jẹ yín lógún? Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ gbọ́ o, ìyàwó ló là á lójú.

Ní 1965 àwọn méjèèjì kọrí sí Ítálì, oṣù mẹ́fà gbáko, wọ́n kàn ń wo bí wọ́n ṣe ń lo gbàgede ìlú níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ gbé fọ́tò Gehl sínú ìwé ìròyìn pé ó jọ alárìnkiri àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó rí ni pé ẹni tó bá dúró máa ń fẹ́ fẹ̀yìn ti nǹkan, bóyá òpó, bóyá ògiri, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kún kí àárín tó kún. Ẹ ò ní jiyàn ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dé òde ìnáwó tẹ́ ò mọ ẹnì kankan, ṣé àárín lẹ máa lọ dúró sí?

Nílé lọ́hùn-ún ní Copenhagen, ìjọba ìlú ti lé mọ́tò kúrò lójú pópó kan tó ń jẹ́ Strøget láti 1962, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà kan. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù fárígá, wọ́n ní ará Dẹ́ńmáàkì làwọn, àwọn kì í ṣe ará Ítálì, ta ló máa gbafẹ́ nínú òtútù, ọjà máa kú. Ọjà ò kú. Gehl bá sọ ibẹ̀ di kíláàsì, ó ń kà wọ́n lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ìgbà òjò, ìgbà òtútù, ẹni tó ń rìn, ẹni tó dúró, ohun tó dá a dúró. Níwájú báǹkì èèyàn kì í sábà dúró, wọ́n á kàn kọjá lọ ni. Níwájú ṣọ́ọ̀bù ìṣeré ọmọdé, wọ́n á dúró. Ibi táwọn lébìrà ti ń gbẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ gan-an lèrò ń pé sí, àmọ́ táwọn lébìrà bá ti ṣíwọ́, kòtò nìkan ò dá ọ̀pọ̀ dúró mọ́. Èèyàn lèèyàn ń wò.

Ìwé ẹ̀ jáde ní 1971, ó di 1987 kí ti Gẹ̀ẹ́sì tó jáde, ọdún mẹ́rìndínlógún, iṣẹ́ yìí ò sì fún onígbòónára. Àmọ́ ìjọba tó jẹ́ pé iye mọ́tò nìkan ló mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá ń rí iye ẹsẹ̀ lórí bébà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gba páàkì mọ́tò wọ́n ń sọ ọ́ di gbàgede, láti bíi sikúwíà mítà 15,800 ní 1962 títí ó fi lé ní 90,000 kó tó di 2000. New York náà pe Gehl àtàwọn èèyàn ẹ̀, ní 2009 wọ́n gbé àga sójú títì ní Times Square níbi tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá wù nínú yín, ẹ̀ka ìgbèrò ìlú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìlú, wà ní yunifásítì Ìbàdàn, ti Ifẹ̀, ti Èkó. Èmi ò tiẹ̀ dúró de fọ́ọ̀mù, mo mú bírò mo lọ dúró ní oríta àdúgbò wa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo fẹ́ fi ka ẹlẹ́sẹ̀. Mi ò tíì kà dé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí màmá tó ń sun àgbàdo fi dìde, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìjọba ló rán yín wá fi ọ̀dà pupa kun ilé wa ni?"