Àpá Kò Lè Jọ Ara: Ìfarapa Ojú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Abẹ́òkúta tí ẹ pè mí, mo dúpẹ́. Ìṣẹ́jú 45 ni alága fún mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́, débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti sọ mí ní Dókítà Àpá. Òun náà ni pé ojú tí a bá ti ṣiṣẹ́ abẹ sí, bó ti wù kó ríran tó, ojú tó ní àpá ni, àpá kò sì lè jọ ara.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí màmá kan. Láyé tí a ṣì ń la ojú gbòòrò kí a tó yọ kátáráàtì, ìyẹn lẹ́ǹsì inú ojú tó ti di funfun, ni wọ́n ti ṣe tirẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún 10 tó ti ń fi ojú náà ka Bíbélì. Lọ́jọ́ kan, ó ń la igi ìdáná lẹ́yìnkùlé ní Ìtòkò, ẹ̀là igi kan fò, ó bà á lójú. Igi tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ba àwọn ọmọkùnrin ilé náà lójú rí, ojú wọn wú, ó sì lọ sílẹ̀. Ti màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tan iná sí i, mo rí i pé ibi tí abẹ gbà lọ́jọ́ kìíní gan-an ló ti là, kò sì yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Lẹ́ǹsì àtọwọ́dá tí wọ́n fi síbẹ̀ ti yọ jáde, ó há sábẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó bo funfun ojú, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja.

Ìdí rẹ̀ ni pé kọ́níyà, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara bíi dígí níwájú ojú, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ohun tí ọgbẹ́ fi ń jinná wá. Nítorí náà, ọgbẹ́ ibẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jinná, bó bá sì jinná tán, agbára rẹ̀ kì í padà tó ti tẹ́lẹ̀. Àpò tí a rán, ojú ìrán rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tú bí a bá kì í ní ìkìjù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyinjú nígbà tí nǹkan bá gbá a. Bí ojú abẹ bá ṣe fẹ̀ tó ni ewu rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó: ti àtijọ́ máa ń tó mílímítà 10 sí 12, ti ìsinsìnyí tí kì í sábà gba ìrán jẹ́ bíi 6 sí 7, èyí tí ẹ̀rọ ti ń fọ́ kátáráàtì túútúú kó tó fà á jáde kì í sábà ju 3 lọ.

Àwọn kan máa ń sọ fún aláìsàn pé bó bá ti di ọ̀sẹ̀ 6, kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Èmi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn pé àpá ń wo kàlẹ́ńdà. Wọ́n tún ní mò ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, pé wọn yóò sá lọ bá àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti kátáráàtì sẹ́yìn nínú ojú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun ní àpá ló máa ń rántí wọ awò ààbò kó tó gbé àáké.

Alága ti ń wo aago. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kọ́níyà fún ló wà nínú ewu jù, nítorí pé ìrán tirẹ̀ yí kọ́níyà po, ó sì lè tú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ṣe LASIK, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń tún kọ́níyà ṣe kéèyàn lè ríran láìlo awò, ìpele tí wọ́n ṣí tí wọ́n sì dé padà lè yẹ̀ bí èékánná ọmọdé bá ha á. Ẹni tí wọ́n la ọ̀nà omi fún nítorí glaucoma (àìsàn tí omi tó ń kún jù nínú ojú fi ń ba ìríran jẹ́), bí ojú náà bá pọ́n, kó má sùn mọ́jú láì rí dókítà.

Bí ojú bá wá bẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi omi kàn án, ẹ má kán oògùn, omi ọmú tàbí ìtọ̀ sí i. Ẹ fi ìdí ife oníke bò ó láìjẹ́ kó kan ẹyinjú, ẹ má jẹ, ẹ má mu, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ parí rẹ̀ sí tí ìyá aláró kan láti Ìtọ́kú fi dìde. Ó ní, “Dókítà, ẹ ní ká má fi omi kàn án. Wọ́n ti yọ kátáráàtì lójú ọ̀tún mi. Bí omi kọ́sítíìkì tí a fi ń po aró bá wá ta sí i ńkọ́?”

Ó mú mi. Mo ní, “Ìyá mi, ojú tó bẹ́ ni mò ń bá wí. Ti kọ́sítíìkì, omi ni, kíákíá, ibi yòówù kí àpá wà.” Kọ́sítíìkì máa ń sọ ọ̀rá inú ara di ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jẹ wọnú lọ. Ẹ dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ tí ojú náà wà kó má ṣàn sí èkejì, ẹ la ìpéǹpéjú, kí ẹnì kan máa rọra da omi mímọ́ sí i fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, láìtẹ ojú, kí ẹ tó máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pé ẹ fẹ́ pa agbára rẹ̀.

Ó ní omi ẹ̀rọ kì í sábà yọ ládùúgbò àwọn. Mo ní kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ méjì tó ní ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró. Ó ní kẹ́ẹ̀gì kúkú wà níbẹ̀, òun ni àwọn fi ń po kọ́sítíìkì. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín; ó béèrè ìgbà mélòó ni àwọn yóò fọ̀ ọ́ kó tó ṣeé lò.

Mo ní, “Ìyá mi, tuntun ni kí ẹ rà.”