John Hawkins àti Ọwọ́ Ọba Nínú Òwò Ẹrú

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn wa. Wọ́n sábà máa ń sọ ìtàn John Hawkins, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bí ìtàn akọni ojú omi tó kàn ṣe òwò ẹrú díẹ̀ nígbà èwe. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Òwò ẹrú ló fi gòkè, ọwọ́ ọba sì wà níbẹ̀.

Plymouth, ní England, ni wọ́n ti bí i ní 1532, nínú ilé oníṣòwò ojú omi. Ní 1562 ó kó ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí Sierra Leone. Ó kó èèyàn tí kò dín ní 300, ó fi idà mú àwọn kan, ó sì tà wọ́n ní Hispaniola, erékùsù kan ní Karibíánì. Awọ ẹran, ṣúgà, atalẹ̀ àti péálì ló gbà dípò wọn.

Nígbà tí èrè dé, ààfin náà na ọwọ́. Ní 1564, Elizabeth Kìíní, ọbabìnrin England, fi ọkọ̀ ogun ńlá kan tó jẹ́ ti ọba yá a. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Jesus of Lübeck. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ó wò: orúkọ Jésù lára ọkọ̀ tí wọ́n kó ọmọ èèyàn sí nínú! Lẹ́yìn ìrìn àjò yìí ni wọ́n fún Hawkins ní àmì ìdílé ọlọ́lá. Ohun tí wọ́n yà sí orí àmì náà ni èèyàn dúdú kan, láti orí dé ìbàdí, tí wọ́n fi okùn dè. Ẹni tí ojú ń tì kì í ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí orí àmì ilé rẹ̀.

Ní ìrìn àjò kẹta, àwọn ọba kan ní Sierra Leone bẹ̀ ẹ́ pé kó gbè wọ́n nínú ogun. Ìlú tí wọ́n lọ bá jà ní odi tó lágbára. Hawkins fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn 8,000 ló ń gbé ibẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ni wọ́n fi bo àwọn ilé. Wọ́n sọ iná sí i. Àwọn ènìyàn Hawkins mú 250, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. (Etíkun Sierra Leone kan náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé Àjàyí Crowther sọ̀kalẹ̀ sí ní 1822.)

Ní oṣù kẹsàn-án 1568, àwọn ará Spéìnì kọlù Hawkins àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní San Juan de Ulúa, ní Mexico. Ọkọ̀ Jesus há síbẹ̀. Ọkọ̀ méjì, Minion àti Judith tí Francis Drake, ìbátan Hawkins, ń darí, nìkan ló bọ́.

Síbẹ̀, ní 1578 Hawkins di akápò ọmọ ogun ojú omi England, ó tún ọkọ̀ ogun ṣe kí wọ́n lè yára, wọ́n sì fi í joyè Sir nígbà ogun Spéìnì ní 1588. Ó kú sójú omi nítòsí Puerto Rico ní 1595.

Títí di 2020, gbàgede kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Plymouth. Lọ́dún náà, ìgbìmọ̀ ìlú kéde pé àwọn yóò yọ orúkọ Hawkins, wọ́n sì yan orúkọ Jack Leslie dípò rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù dúdú Plymouth Argyle, ẹni tí wọ́n mú fún ikọ̀ England ní 1925, kí wọ́n tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nítorí àwọ̀ ara rẹ̀.