Géètì Ta Ni Ajá Náà Gbà Jáde?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onílé àti ayálégbé sọ níbi ìpàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kan ní Ìkòròdú nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráàyè wá, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé àga ò tó, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Alága ní kí n má pẹ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ owó tiransifọ́mà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ ajá ò lè gùn tó ti iná.

Ẹ mọ ohun tó gbé mi wá. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n rán ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní búrẹ́dì láàárọ̀ kùtù. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì tí ajá fi já lù ú látẹ̀yìn, ó sì gé e jẹ lẹ́sẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ọmọ náà wà láàyè, ó ti ń gba abẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìwé kan ti ń lọ káàkiri àdúgbò fún ìfọwọ́sí: kí CDA fòfin de àwọn ajá tí wọ́n ń pè ní Boerboel, Rottweiler, Caucasian àti pit bull, kí ẹni tó bá ní in gbé e kúrò kí oṣù tó parí. Mo rí ìfọwọ́sí àwọn ènìyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀. Èmi ò fọwọ́ sí i, mo sì jẹ yín ní àlàyé.

Dókítà ẹranko ni mí. Lọ́jọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà, mo lọ wo ilé tí ajá yẹn ti jáde. Òjò ti wọ́ yanrìn lọ lábẹ́ géètì. Mo na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó wọlé dé ìgúnpá. Ẹ̀yìn ilé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n so ajá mọ́, lábẹ́ páànù tí ènìyàn ò lè gbọ́wọ́ lé lọ́sàn-án. Ṣéènì rẹ̀ ò gùn ju ìgbésẹ̀ méjì lọ. Irun ọrùn rẹ̀ ti re dànù níbi tí bẹ́líìtì ti ń ha á, awọ ibẹ̀ sì ti le bí awọ bàtà. Abọ́ omi rẹ̀ gbẹ, ẹ̀bà àná lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ìkọ́ tó yẹ kó wà lẹ́nu ṣéènì ti kán tipẹ́, wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wáyà yẹn ló já láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo bi àwọn ará ilé pé irú ajá wo nìyí. Ọmọ wọn ní Caucasian ni. Mẹ́gáàdì ní Boerboel ni. Ẹni tó tà á fún wọn pè é ní Rottweiler, nítorí pé ó dúdú, ó sì ní àmì pupa rúsúrúsú lókè ojú méjèèjì. Àmì yẹn nìkan ló fi gba owó lọ́wọ́ wọn. Èmi tí mo la ẹnu rẹ̀, tí mo wo etí àti ìrù rẹ̀, àdàlù ni mo rí: Alsatian wà níbẹ̀, èkùkẹ́ wa náà wà níbẹ̀, ìyókù Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Orúkọ wo ni ìwé yín máa fi mú un?

Àwọn tó ti ṣe irú òfin yìí ṣáájú wa kò bọ́ nínú ìbéèrè yẹn. Ní 1991, ilé aṣòfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka irú ajá mẹ́rin léèwọ̀: pit bull terrier, Tosa ti ilẹ̀ Japan, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro. Ìrísí ni wọ́n fi ń dá ajá lẹ́jọ́: bí ó bá ti jọ pit bull, pit bull ni, ẹni yòówù kó bí i. Ní 15 September 2023, Rishi Sunak, tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà náà, kéde pé XL Bully náà máa wọ inú èèwọ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti dá títà rẹ̀ àti mímú kó bímọ dúró ní England àti Wales, nígbà tó sì di 1 February 2024, ẹni tí kò bá ní ìwé ìyọ̀ǹda ò gbọdọ̀ fi í sílé mọ́. Ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ ajá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ò tilẹ̀ ka XL Bully sí irú ajá kan lọ́tọ̀. Ìjọba ló wá jókòó kọ bí ó ṣe máa rí: akọ tó bá ga tó 51 sẹ̀ǹtímítà ní èjìká, abo tó bá ga tó 48, kí orí rẹ̀ tóbi, kí àyà rẹ̀ fẹ̀. Téèpù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bíi télọ̀ tó fẹ́ rán aṣọ ọdún.

Ẹ wo orúkọ márààrún yẹn dáadáa. Boerboel ò sí níbẹ̀. Rottweiler ò sí níbẹ̀, Caucasian ò sí níbẹ̀, Alsatian tó kún gbogbo àdúgbò yìí ò sí níbẹ̀. Ká ní a gbé òfin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ìkòròdú lọ́la, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹ ò ní rí ajá tí yóò mú lójú pópó yín. Àwọn kọ ọ́ fún ohun tó ń dà wọ́n láàmú nílé tiwọn.

Ṣé ó wá yanjú tiwọn? Iye ènìyàn tí wọ́n ń gbé dé ọsíbítù ní England nítorí ajá tó gé wọn jẹ fi ju ìlọ́po méjì pọ̀ sí i láàárín 1998 sí 2018, òfin 1991 sì wà nílẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ilẹ̀ Netherlands fòfin de pit bull ní 1993. Ní 2008, ìjọba wọn kéde pé àwọn máa yọ ọ́, nítorí pé iye tí ajá ń gé jẹ ò dínkù. Ìlú Denver ní Amẹ́ríkà fòfin dè é ní 1989, àwọn ará ìlú sì dìbò ní November 2020 pé kí wọ́n fi ìwé àṣẹ rọ́pò rẹ̀. Ní Kánádà, Ontario ṣe tirẹ̀ ní 2005. Ṣùgbọ́n ìlú Calgary, ní orílẹ̀-èdè kan náà, ò dárúkọ ajá kankan: olówó ajá ni wọ́n dojú kọ. Gbogbo ajá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ẹni tí ajá rẹ̀ bá sì jáde ṣe ènìyàn léṣe, owó ìtanràn tó máa san á dùn ún. Tiwọn ló wù mí jù, mi ò fi bò.

Ìwádìí kan tún wà tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2022. Wọ́n bi àwọn olówó ajá tó lé ní 18,000 léèrè nípa ìwà ajá wọn, wọ́n sì yẹ DNA ajá tó lé ní 2,000 wò. Nínú gbogbo ohun tó mú kí ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti èkejì, irú tí ajá jẹ́ ò kó ju nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 lọ.

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, “Dókítà, ẹ̀ ń gbèjà Boerboel!” Rárá o. Ẹni tó bá fẹ́ kí n sọ pé gbogbo ajá dọ́gba, kó wá dókítà mìíràn. Àwọn darandaran orí òkè Caucasus ló ń sin Caucasian kó lè dojú kọ ìkookò. Àwọn àgbẹ̀ ní South Africa ló ń sin Boerboel kó máa ṣọ́ oko. Èkùkẹ́ tó bá gé ọ jẹ á dá ọgbẹ́ sí ọ lára. Ajá tó wọ̀n tó àgbàlagbà, tó sì di ọmọdé lọ́rùn mú, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọgbẹ́. Àwọn àgbà ní ehín tí ajá fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré náà ló fi ń bù ú jẹ. Ehín wà lẹ́nu gbogbo wọn, agbára tó wà lẹ́yìn ehín ni kò dọ́gba. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sínú ìwé yín, ẹ kọ ọ́ báyìí: ajá tó bá ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ, ohunkóhun tí wọ́n ń pè é, olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọgbà tí kò jò, géètì méjì, àti ohun tí wọ́n fi ń dí i lẹ́nu bí ó bá fẹ́ mú un jáde. Gbogbo wa la ní orúnkún, a ò nílò téèpù.

Ká tún rántí bí àwọn ajá ńlá yìí ṣe pọ̀ tó báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìkòròdú ní 2016 àti 2017, ẹ ò nílò kí n sọ ohun tí Badoo, àwọn apànìyàn tó ń wọlé onílé lóru, ṣe. Oorun ò kun ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ tó gbé ajá wá sọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní láyé wọn ni. Ẹ̀rù ló ra àwọn ajá yẹn, ẹ̀rù náà ló sì tọ́ wọn. Wọ́n á ní kí ajá má rí àlejò, kó má baà mọ ènìyàn. Wọ́n á fún un ní ata kó lè gbóná. Mo ti rí ẹni tó ń da ẹ̀tù ìbọn sí i lóúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá tí wọ́n bí ajá ló ń kọ́ ẹni tí ènìyàn jẹ́ àti ohun tí kò yẹ kó bẹ̀rù. Ajá tí kò rí ju mẹ́gáàdì àti ògiri lọ ní àkókò yẹn, ọmọ tó ń sáré lọ ra búrẹ́dì, ohun àjèjì ni lójú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí ìwé yín ò tilẹ̀ mẹ́nu bà, òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nínú gbogbo ènìyàn tí àrùn dìgbòlugi ń pa lágbàáyé, tí wọ́n fojú bù sí nǹkan bí 59,000 lọ́dọọdún, ajá ló fún nǹkan bí 99 nínú 100 wọn, ìdá 40 nínú 100 ni kò sì tíì pé ọmọ ọdún 15. Ajá tó ń gbé e kiri ládùúgbò wa kò ní orúkọ òyìnbó. Bingo ni, èkùkẹ́ ni, èyí tó ń sùn sábẹ́ tábìlì ìyá oníràìsì, tí gbogbo àdúgbò ń fún lóúnjẹ tí kò sì sẹ́ni tó jẹ́ pé òun ló ni ín. Àwọn ajá olówó ńlá ló sábà máa ń ní káàdì abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ mi. Bí a bá kó gbogbo Boerboel ìlú yìí dà sínú ọ̀sà, dìgbòlugi ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń dá a dúró ni kí ajá 70 nínú 100 gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Nígbà tí mo rí ọmọ tí wọ́n rán ní búrẹ́dì yìí, epo pupa ni wọ́n fi kun ojú ọgbẹ́ rẹ̀, irun ajá tí wọ́n sun sì wà lórí epo. Ìyá rẹ̀ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ohun tí wọ́n ṣe fún òun náà ní kékeré ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ọmọ ké bó bá fẹ́ ké. Lẹ́yìn náà, ọsíbítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, nítorí pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń tò ó sí, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé ìgbà tí àmì àrùn bá yọ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré: nígbà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Ẹ má sì pa ajá náà, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sun ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọmọ. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí èmi tàbí dókítà ẹranko mìíràn máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ajá tí ẹ ti sè lọ́bẹ̀ ò lè jẹ́rìí fún wa.

Ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan ní òun ti kọ “ṢỌ́RA FÚN AJÁ” sára géètì òun, ṣé ẹjọ́ lè tún kan òun? Mo ní kó lọ bi lọ́yà rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń béèrè bóyá olówó ajá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ajá òun ń gé ènìyàn jẹ, ẹni tó sì kọ irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ti ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ nǹkan kan. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọmọ náà ló dìde tẹ̀ lé e. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Dókítà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yé mi. Ṣùgbọ́n tí géètì bá ṣí lọ́la, ajá yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ mi ò ní gba ọ̀nà yẹn mọ́, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà.” Mi ò rí èsì tó dára fún un. Mo sọ fún un pé ó jàre, pé àwọn tí kò ní ajá ló ń san owó ajá wa, tí ọmọ wọn ń yípo ọ̀nà. Alága bi mí bóyá kí wọ́n gbé ajá yẹn kúrò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an, nítorí ohun tó ti ṣe, ọjọ́ mẹ́wàá tí mo fi ń wò ó sì ti pé.

Wọ́n ní kí akọ̀wé tún ìwé náà kọ, kí wọ́n fi orúnkún àti káàdì abẹ́rẹ́ sí i. Àwọn kan kùn. Bí mo ṣe ń kó ìwé mi jọ, ọkùnrin kan tó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti àárọ̀ súnmọ́ mi. Mo dá a mọ̀, òun ló ni ilé jẹnẹrétọ̀ yẹn. Kò wo ojú mi. Ó ní ajá kékeré kan ṣì tún wà nílé, ọmọ ajá yẹn ni. Ó béèrè iye tí wọ́n ń ta ìkọ́ ṣéènì tó lágbára, àti ibi tí òun ti lè rí i rà.